Omi Tí Mo Wọ́n Sí Obì Nínú Aṣálẹ̀

Mo rántí ìgbà tí Àlhájà gbé kẹ́ẹ̀gì omi tó kù nílẹ̀, tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bíi korobá òfìfo. Ó mì ín létí. Inú aṣálẹ̀ la wà, ní ọ̀nà Àgádésì, ní ilẹ̀ Nìjẹ̀. Ṣáàfù mọ́tò wa ti dá, awakọ̀ sì ti bá ọkọ̀ tó ń kọjá lọ láti àná kó lè wá òmíràn. Kẹ́ẹ̀gì omi kan péré ló fi sílẹ̀ fún àwa mẹ́ta: èmi, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, àti Àlhájà tí òun náà ń ta obì.

"Kí ló gbé omi yìí lọ?" ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi bèèrè.

"Ó jò ni, sà," ni mo wí.

Irọ́ ni. Àlhájà gbé kẹ́ẹ̀gì náà fún un.

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, mo sì gbà pé kò sí ohun tí n kò mọ̀ nípa gbànja, obì tí a ń kó lọ tà, nítorí pé ilé àwọn tó ń tà á ní Ọ̀fin, ní Ṣàgámù, ni wọ́n bí mi sí. Nílé wa, láràárọ̀ la máa ń ṣí apẹ̀rẹ̀ obì, a ó wọ́n omi sí ewé tí a fi wé e, a ó sì dé e padà kó má baà gbẹ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti kìlọ̀ kí a tó gbéra: "Bí obì bá gbẹ lọ́nà, ìwọ ni mo máa bi o." Nígbà tí awakọ̀ wa, ọmọ Kánò, ń lọ, ó rẹ́rìn-ín sí wa: "Yáríbá, ẹ má fi omi wẹ̀ o! Aṣálẹ̀ kì í ṣe Ṣàgámù." Èmi kò kúkú wẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn àgbà tó jí lábẹ́ tapólì tí a ta mọ́ ara mọ́tò, mo wọ́n omi mímu wa sí gbogbo apẹ̀rẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi àti ti Àlhájà. Mo tilẹ̀ ń retí pé wọ́n á yìn mí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yí kẹ́ẹ̀gì náà síwá sẹ́yìn, kò rí ihò. "Bóyá ìdérí ni," ló wí. Láti ìgbà náà, ìdérí yẹn la fi ń wọ̀n ìwọ̀nba omi tó kù fún ara wa.

Ní Ṣàgámù, o kò lè rìn dé ẹ̀yìnkùlé kí ẹnìkan má kí ọ. Nínú aṣálẹ̀ yẹn, kò sí igi, kò sí ẹyẹ, yanrìn nìkan ni. Mo lọ jókòó sí òdì kejì mọ́tò, nítorí n kò lè wo ojú wọn. Àlhájà, tó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti Ìjòkú ní Ṣàgámù títí dé Kánò pé òun á fún mi ní ọmọ-ọmọ òun fẹ́, kò dápàárá mọ́. Lọ́jọ́ kẹta kò lè dìde kírun. Ó ń pe ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Mo sọ nínú ara mi pé mo ti pa obìnrin yìí.

Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, awakọ̀ dé pẹ̀lú ṣáàfù àti omi. Ṣíbí la fi ń ro omi sí Àlhájà lẹ́nu títí a fi dé ọsibítù. Nígbà tí a padà sílé, dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ ti fara pa. Ó lo oògùn fún oṣù púpọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kan ilẹ̀kùn wa, màá rò pé ikú rẹ̀ ni wọ́n wá sọ. N kò sọ òótọ́ fún ẹnì kankan.

Èmi ni mo sìn ín lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí dókítà ní ara rẹ̀ ti yá, kó má wulẹ̀ padà wá mọ́. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Àlhájà, kẹ́ẹ̀gì yẹn kò jò."

"Mo mọ̀. Dìde, àwọn èèyàn ń wò wá." Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Mo ti jí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ti la ẹnu láti pè ọ́, mo wá rí i pé apẹ̀rẹ̀ tèmi ló kàn. N kò fẹ́ kí obì mi gbẹ, mo bá pa ojú mi dé."

Àlhájà ti kú báyìí, ikú ogbó ló kú. Èmi náà ti ń dàgbà, n kì í sì í rin ọ̀nà jíjìn mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò yẹn, mo rò pé èmi nìkan ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà sínú. Òun náà, ní òdì kejì, rò bẹ́ẹ̀. Táyà méjì péré ló wà láàárín wa.