Àpótí Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi: bí mo bá ti rí àpótí báyìí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni mo máa ń rántí. Kápẹ́ńtà ni ní Kugbo, àdúgbò wa. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọgbà ìṣeré tuntun, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń gbé àpótí lọ jókòó sẹ́yìn ọgbà, á máa kí kátákátá tó ń gbẹ́lẹ̀: “O kú iṣẹ́ o!”

Ó búra pé òun ni yóò kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń yí èèyàn lọ sókè.

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù àkàbà?” Gbogbo Kugbo wá ń retí àtifi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ọgbà náà, ó fà mí wọ kẹ̀kẹ́ ńlá yẹn. A dókè, mo dijú, mo ń pe Ọlọ́run.

Ó ké sí mi: “Ìyàwó, lajú! Kí ni wọ́n tún ń kọ́ lọ́hùn-ún yẹn?”

Kí n tó sọ̀ tán, ó ti gbé àpótí rẹ̀ lọ síbẹ̀.