Páàkì Tí Màámi Ń Wá

Ẹni tó bá ní ọ̀fẹ́ ni atẹ́gùn, kó wá bá mi gbé ní Ìkòsí, ní Kétu l'Ékòó, láyé ìgbà tí mò ń wí yìí. Yàrá kan àti pálọ̀ la ní. Fèrèsé yàrá dojú kọ ògiri ilé kejì, ògiri ọ̀hún sì sún mọ́ wa débi pé bí mo bá na ọwọ́ jáde, màá fọwọ́ kàn án. Àlàfo tín-ín-rín tó wà láàárín ilé méjèèjì ni aládùúgbò wa wá gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sí. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ báyìí, gbùrù-gbùrù ti bẹ̀rẹ̀, èéfín á gba ojú fèrèsé wọlé bí ẹni pé ó ń bá wa sanwó ilé. Mo bá a jà, mo bẹ̀ ẹ́, mo fẹjọ́ rẹ̀ sun lańlọ́ọ̀dù. Lańlọ́ọ̀dù ní kí n lọ ra tèmi náà.

Inú yàrá yẹn ni mo mú màámi wá. Abúlé kan lẹ́yìn Abẹ́òkúta ló ti lo gbogbo ayé rẹ̀, ó ń gbin ẹ̀gẹ́, ó ń yan gaàrí. Bàbá mi kú, ọdún ò tíì yí po tí òun náà fi yọ̀ ṣubú létí odò, tó fẹsẹ̀ rọ́. Mo gbéra, mo lọ mú un. Mi ò bi í léèrè nǹkan kan. Mo palẹ̀ aṣọ rẹ̀ mọ́, mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, mo ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì mi. Àwọn ará ilé ń kí mi kú iṣẹ́, wọ́n ní ọmọ tó mọ ìyá rẹ̀ tọ́jú nìyẹn. Orí mi wú.

Oṣù mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ wa, rírù ló sì fi gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹsẹ̀ san o, ṣùgbọ́n ẹnu ò gba oúnjẹ. Màá se ẹ̀wà, á ní òun ti yó. Màá gún iyán, á fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "O ṣé o," bí àlejò. Ìró tó máa ń ró bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé e lọ sí ọsibítù kékeré kan ní Kétu. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Aunty, mi ò rí àìsàn kankan. Ṣùgbọ́n bí màmá ò bá jẹun, bí wọ́n bá ń bá a lọ báyìí, ẹ máa pàdánù wọn. Ẹ mú wọn jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ gba atẹ́gùn níbi tí kò sí wàhálà."

Ẹ̀rù bà mí. Èmi ni mo lọ mú un wá. Bó bá kú sí Ìkòsí, ọwọ́ mi ló kú sí.

Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹni tí kì í pariwo, ní, "Ṣé o ti bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́?" Mo ní, "Ta ní ń bi aláìsàn ní oògùn tó wù ú?" Ó mirí. Ó mọ̀ mí.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àjíǹde ń bọ̀, ìsinmi ni. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé tí mo sì ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, títì ló máa wà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo jókòó ti màámi lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní, "Màámi, ẹ múra o. Páàkì là ń lọ lọ́la."

Ó gbójú sókè. "Páàkì?"

"Páàkì ni, màámi."

"Ìwọ àtèmi?"

"Èmi àtẹ̀yin ni."

Ẹ wò ó, ìyá yìí rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bu oúnjẹ wá. Ó jẹ odidi ẹ̀kọ kan tán pẹ̀lú ẹ̀fọ́, ó fomi sìn ín, ó tún béèrè bóyá ẹ̀kọ kù. Mo wo bàbá àwọn ọmọ mi bí ẹni ń wí pé, ṣé o rí i báyìí? Ó kù díẹ̀ kí n jó.

Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, màámi ti wẹ̀, ó ti wọ bùbá tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti di ẹrù. Báàgì Ghana-must-go kékeré kan ni, ó kún dẹ́nu, ó fi okùn dì í gírígírí. Mo ní, "Màámi, ẹrù kí lèyí?" Ó ní, "Ẹrù mi ni." Mo rò pé ẹní tó máa tẹ́ jókòó àti ìbora ló kó síbẹ̀. Kéèyàn máa bá màámi jiyàn, àfi bí ẹni ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀. Mo gbé báàgì náà dání, a jáde.

Ọgbà ìgbafẹ́ kan ní apá Ìkẹjà ni mo kọ́kọ́ mú un lọ. Láti òpópónà la ti ń gbọ́ ariwo. Àwọn èèyàn tò bí ẹni fẹ́ gba káàdì ìdìbò. Nígbà tá a wọlé tán, koríko gan-an ò rí àyè mí. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́ta ń kọ orin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn ọmọdé ń jà nídìí jáńgílọ́fà, ọ̀rá piọ́wọ́tà ká gbogbo ilẹ̀. Igi kan ṣoṣo tó ní ibòji níbẹ̀, ìdílé mẹ́rin ló ti pín in mọ́wọ́. Atẹ́gùn tí mo ní ká wá gbà, èéfín súyà ti gbà á ṣáájú wa.

Màámi dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Mọ́tò dà?"

"Mọ́tò wo, màámi? A ti dé. Páàkì nìyí."

"Níbí?"

"Níbí ni."

Ojú rẹ̀ ṣú. Mo ní ariwo ni kò jẹ́ kínú rẹ̀ dùn. Ó yẹ kí n béèrè, mi ò béèrè. Inú ló ń bí mi, inú Èkó. Odidi ìlú, kò síbi tí ìyá arúgbó kan lè jókòó sí kó mí! Mo ní ó dáa, etí òkun ló kù.

Ta ló rán mi níṣẹ́? Àṣé ohun tí mo rò, gbogbo Èkó náà ló rò ó. Èèyàn ò jẹ́ ká rí yanrìn, ká má tíì sọ òkun. Àwọn aláṣọ funfun ń gbàdúrà lápá kan, àwọn tó ń fa igbó wà lápá kejì, èéfín àwọn tibí sì ń bá àdúrà àwọn tọ̀hún gòkè. Ẹṣin kan tí wọ́n ń háyà fáwọn ọmọdé yà bìrí, díẹ̀ ló kù kó tẹ màámi lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san! Mò ń bá ẹlẹ́ṣin jà lọ́wọ́ ni màámi fà mí láṣọ. "Ibí yìí ńkọ́? Ṣé páàkì nibí náà?"

Mo jágbe mọ́ ọn. "Màámi, ẹ má dà mí láàmú! Kí lẹ tún fẹ́ kí n ṣe?"

Àwọn èèyàn yíjú wò mí. Ìyá tó pọ̀n mí, lójú gbogbo ayé. Ó rọra ní, "Má bínú. Jẹ́ ká máa lọ sílé." Mo mú un padà sí Ìkòsí.

Kò jẹun lọ́jọ́ náà, kò jẹun lọ́jọ́ kejì. Kò sì tú ẹrù rẹ̀. Báàgì náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní dídì, mò ń fẹsẹ̀ kọ ọ́ láràárọ̀, mò ń pòṣé. Mo ti ń ronú pé bóyá dókítà ńlá ni ká wá, bóyá ká lọ fa omi sí i lára. Mi ò sùn dáadáa. Gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ yẹn ni mo kanra mọ́.

Lára wọn ni tíṣà kan tó máa ń gbé ìbéèrè ìdánwò wá kí n bá a tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó bi mí pé kí ló dé, mo sì tú gbogbo rẹ̀ dà sí i lára: ọgbà, etí òkun, ẹṣin. Ó rẹ́rìn-ín. "Aunty, ọdún mélòó lẹ ti lò ní Kétu yìí?"

"Ọdún mọ́kànlá."

"Ẹ ò sì dé Àgbóyì rí? Ibẹ̀ ni mò ń gbé. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, ẹ wọ ọkọ̀. Ẹ ò ní gbọ́ họ́ọ̀nù mọ́tò kan."

Mo wò ó sùn-ùn. Ọdún mọ́kànlá! Ohun tí mò ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò, bẹ́ẹ̀ mi ò tilẹ̀ wọ ṣòkòtò rí.

Nígbà tó di Sátidé, mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká tún jáde." Ó dìde, ó na ọwọ́ sí báàgì ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ẹ fi báàgì sílẹ̀ jàre." Kò fi í sílẹ̀.

A dé etí omi. Òórùn ìdọ̀tí tó ń ti ọ̀nà Mile 12 bọ̀ ló kọ́kọ́ kí wa, mo ti ń mú ẹnu ìjà mi gún régé. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń wa ọkọ̀ di màámi lọ́wọ́ mú, ó gbé e jókòó sáàárín, ó ní, "Ẹ fara balẹ̀, ìyá, kò ní mì." Ó fi àjẹ̀ ti ilẹ̀, a bọ́ sójú omi. Kò ju bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí òórùn náà fi dẹ́kun, tí ariwo Kétu rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn wa. Ojúoró léfòó lọ́tùn-ún lósì, lékeléke dúró lórí wọn, ẹnì kan ń ju àwọ̀n lókèèrè. Atẹ́gùn kan fẹ́ tó tutù, tí kò ní èéfín ẹnikẹ́ni nínú. Mo mí kanlẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí atẹ́gùn náà pé níbo ló wà látọjọ́ yìí.

Màámi lahùn. "Bàbá, odò wo nìyí?"

"Ògùn ni, ìyá. Ibí ló gbà já sínú ọ̀sà."

"Ògùn wo?"

"Ògùn kan náà ni, èyí tó gba Abẹ́òkúta kọjá."

Màámi ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi, ó bù ú, ó fi bọ́jú. Mo ní, "Màámi, omi yẹn ò mọ́ o!" Apá ibi tí omi ti ń bọ̀ ló kọjú sí. Ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. "Bàbá, ṣé ọkọ̀ yín yìí máa ń dé ọ̀hún?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ó jìnnà, ìyá. Páàkì ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ wọ mọ́tò."

Ni màámi bá yíjú sí mi. "Ṣé o gbọ́? Ìwọ lo ní páàkì là ń lọ. Mo ní Ọlọ́run ti bá ọ sọ̀rọ̀, o fẹ́ mú mi relé. Mo di ẹrù. O mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ọmọ ní jáńgílọ́fà, mo ní bóyá mọ́tò ṣì ń bọ̀. O tún mú mi lọ sétí òkun. Mo wá ń bi ara mi pé, ṣé ọmọ mi yìí ń fi mí ṣẹ̀sín ni?"

Páàkì! Lábúlé wa, páàkì kan ló wà láyé, ibi téèyàn ti ń wọ mọ́tò. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó wá dọmọ Èkó, kí n tó máa fi òyìnbó pe ohun tó ní orúkọ. Ká ní mo ti sọ pé ibi ìgbafẹ́ ni, á ti bi mí pé kí lòun fẹ́ fi afẹ́ ṣe. Odidi ẹ̀kọ tó jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ayọ̀ pé òun ń relé ló fi jẹ ẹ́. Inú bí mi sí ara mi débi pé ó dà bíi kí n bẹ́ sódò.

Kàkà kí n bẹ̀ ẹ́, mo gbé ìjà kò ó. "Ta ló máa tọ́jú yín níbẹ̀? Bí ẹ bá tún ṣubú ńkọ́?"

"Àbúrò mi wà nínú agboolé."

"Rárá o, màámi. Ẹ wo bí atẹ́gùn ibí ṣe dáa tó. Gbogbo Sátidé la ó máa wá."

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Odò ni kì í padà síbi tó ti ṣàn wá. Èmi kì í ṣe odò."

Bàbá ọlọ́kọ̀ dáwọ́ àjẹ̀ dúró. Mo sunkún, mi ò tijú pé mo sọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì mi. Láti oṣù mẹ́ta, mò ń gbé e lọ sọ́jà, mò ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mi ò tilẹ̀ rántí rẹ̀. Mo tú ìsàlẹ̀ báàgì, mo yọ ọ́, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó so ó mọ́ eteetí ìró rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, a lọ sí páàkì ní Ọjọ́ta. Nínú gbogbo ibi tí mo mú màámi lọ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, kò síbi tí èrò pọ̀ sí tó ibẹ̀. Àwọn agbèrò ń fa èèyàn lápá, wọ́n ń ké Abẹ́òkúta bí ẹni tílé ń jó, èéfín mọ́tò ń rú, eruku bo gbogbo wa. Mò ń wá ẹ̀gbẹ́ kan tó parọ́rọ́ díẹ̀ ká dúró sí, ìyá yìí ti fi ìgbọ̀nwọ́ la àárín wọn kọjá, ó ti gba ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo sá tẹ̀ lé e, mo jókòó tì í, mò ń húkọ́. Ó na ọwọ́ jáde, ó pe alákàrà. Kí mọ́tò tó kún, ó ti jẹ àkàrà mẹ́fà àti ẹ̀kọ méjì.

Ó nu ọwọ́, ó gbá mi nítan. "Ṣé o rí i? Páàkì nìyí."

Mo ní, "Ẹ̀n, màámi. Páàkì ni."