Ìgò Ìtọ̀ Mẹ́ta ní Ṣọ́ọ̀bù Màmá Mi

Nígbà tí mi ò tíì ga tó tábìlì tí màmá mi fi ń gé aṣọ, Onitsha là ń gbé, ní àdúgbò Woliwo. Ogun ti parí, wọ́n sì ti ń tún ìlú kọ́. Ibi tí ènìyàn bá yíjú sí, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń yọ, páànù tuntun sì ń dán lórí ilé tí ojú ọta ìbọn ṣì wà lára ògiri rẹ̀. Báǹkì tí bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́ ló gbé e lọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún ilẹ̀kùn wọn ṣí. Màmá mi ní òun ò ní ká ọwọ́ gbera jókòó sílé, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tẹ̀ lé ọkọ. Owó epo ti ń wọ ìlú. Ẹni tó pàdánù gbogbo aṣọ rẹ̀ sógun ń fẹ́ aṣọ tuntun, ẹni tí kò pàdánù ohunkóhun náà ń fẹ́, iṣẹ́ sì wà fún télọ̀ ju bí ọwọ́ ṣe lè ká a lọ.

Obìnrin mẹ́ta ló ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù náà: màmá mi tó ni ibẹ̀, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé ìta kó tó jáde, àti ìyàwó tuntun kan láti Ọ̀ṣogbo tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ máa ń kọ orúkọ sára ike omi yín, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Kò sí tèmi kò sí tìrẹ láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí òwú ẹnì kan bá tán, ọwọ́ rẹ̀ ti dé inú àpótí ẹnì kejì kó tó sọ ohun tó fẹ́ mú. Àyọ́ọ̀nù eléèédú kan náà ni wọ́n ń lò, ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló dá gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀.

Ní òdìkejì títì, ní iwájú wa gan-an, ni ilé ìwòsàn kékeré kan wà. Dókítà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọmọ Ìgbò ni, ó ga, ó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé ènìyàn ní láti sún mọ́ ọn kó tó gbọ́ ọ. Gbogbo nǹkan ló ń wò. Ó ń wo etí, ó ń gbẹ̀bí, ó ń ran ojú ọgbẹ́, ó sì ń bá tọkọtaya parí ìjà. Ó ní nọ́ọ̀sì mẹ́ta nígbà tí a kọ́kọ́ dé. Àmọ́ ìjọba ti fi kún owó oṣù, àwọn ilé ìwòsàn ńlá sì ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì. Àkọ́kọ́ lọ sí Enugu. Èkejì lọ sí Èkó, ó fi bàtà funfun rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń padà bọ̀. Ẹ̀kẹta ló kù, ọmọ Odekpe tó wà létí odò, oníbàárà màmá mi ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ni pẹ̀lú.

Nọ́ọ̀sì yìí ló mú mi lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Odekpe. Odò Ọya ti kún, ó sì ti fà, adágún omi wá kù káàkiri bí àwo tí wọ́n gbàgbé síta. Àwa ọmọdé ń wẹ̀ nínú rẹ̀ láàárọ̀, a ń wẹ̀ lọ́sàn-án. Ìyá rẹ̀ ń pè mí ní "nwa m", ọmọ mi, ó ń fi ẹja yíyan bọ́ mi. Mi ò tíì jayé tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo padà sílé, tí mo bá ń tọ̀, ó máa ń ta mí díẹ̀ ní ìparí. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe gbogbo ènìyàn, mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Ìgbà yẹn ni dókítà bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan tó ya gbogbo àdúgbò lẹ́nu. Ó ní ní ọjọ́ Sátidé kí ẹni tí ara rẹ̀ le wá fún àyẹ̀wò. Ẹni tí ara rẹ̀ le o. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà wà lára rẹ̀ kó tó di pé ó dá a dùbúlẹ̀. Àwọn ènìyàn ní bóyá ogun ti kó sí i lórí ni. Obìnrin Ìjẹ̀bú wa ní òun ò tíì rí aláta tó ń pe ẹni tí kò fẹ́ ra ata. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì mọ bí a ti ń bá obìnrin sọ̀rọ̀. Yóò sọdá wá, yóò jókòó, yóò ṣàwàdà títí, ẹnì kan yóò dìde tẹ̀ lé e. Ó máa ń mú un lọ sí ilé ìtọ̀ tó wà lẹ́yìn, yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa bá a tàkúrọ̀sọ láti ìta, yóò sì gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá ti ń jáde.

Nígbà tó yá, òun náà lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Port Harcourt fún un ní ilé àti owó. Ó sunkún nígbà tó wá gba búláòsì rẹ̀, màmá mi náà sunkún, ẹni tí kò sì sunkún ni dókítà, tó jókòó sórí àtẹ̀gùn rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà lọ, dókítà nìkan ló kù. Ó ń gbálẹ̀, ó ń gún abẹ́rẹ́, ó ń se ìtọ̀ lórí iná láti wá ṣúgà inú rẹ̀. Kò lè fi aláìsàn sílẹ̀ kó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀ obìnrin. Ó wá ń pín ìgò fún àwọn ènìyàn láti gbé lọ sílé. Ó bẹ màmá mi pé bí àwọn télọ̀ bá kọ́kọ́ ṣe é, àwọn tó kù á tẹ̀ lé wọn, màmá mi tí kì í lè kọ̀ fún ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ sì gba ìgò mẹ́ta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Lọ́kàn màmá mi, àyẹ̀wò jẹ́ ohun tí ènìyàn ń pàásì. Bàbá mi ṣe àyẹ̀wò ara kí báǹkì tó gbà á, ó pàásì. Àwọn tó ń se oúnjẹ tà ń ṣe é kí wolé-wolé tó jẹ́ kí wọ́n gbé ìkòkò kaná, ẹni tí kò bá pàásì á palẹ̀ mọ́. Ta ló máa gbé aṣọ wá fún télọ̀ tí kò pàásì? Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀rù ti ń bà á tẹ́lẹ̀. Omi kì í tó o mu mọ́. Kò lè ran etí aṣọ kan tán kó má dìde lọ sẹ́yìn ilé. Búbà rẹ̀ ti ń ṣo ó lára, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì débi pé èmi ni mo ń bá a ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Télọ̀ tí ojú rẹ̀ bá lọ, kí ló kù fún un? Ó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun, ìdí tí kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó nìyẹn.

Ó pè mí sẹ́yìn ilé, ó na ìgò sí mi.

"Tọ̀ sí i. Ara ìwọ dá ṣáṣá."

Mo tọ̀ sí i. Ó mọ́ gaara, ojú lásán ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Bí obìnrin Ìjẹ̀bú ṣe rí i, ó ní ìtọ̀ tó dára báyìí kò yẹ kó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ó gbé ìgò tirẹ̀ wá. Ìyàwó tuntun náà tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń pín òwú ni wọ́n ṣe pín ìtọ̀ mi, tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n sì fún mi ní bisikíìtì. Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín báyìí, mo ń gbọ́ yín.

Ní ọ̀sán Sátidé náà, dókítà sọdá títì fúnra rẹ̀, ohun tí a kò rí rí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó mú téèpù màmá mi, ó ń ká a mọ́ ìka bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kò sí ṣúgà nínú ìgò kankan. Màmá mi mí kanlẹ̀. Ó wá ní àmọ́ òun wo omi náà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ẹyin kòkòrò wà níbẹ̀, nínú ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà. Bí ó ṣe ṣàlàyé àìsàn náà, obìnrin Ìjẹ̀bú sọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá jẹ́jẹ́: àtọ̀sí ajá. Ìyàwó tuntun gbọ́ àtọ̀sí, kò dúró gbọ́ ajá. Ó bú sẹ́kún. Ó ní ọkọ òun á kó ẹrù òun síta.

Dókítà ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí ojú wọn.

"Madam," ló wí fún màmá mi, "I no be sanitary inspector. I no be anybody oga for work. This sickness na for pikin wey dey baff for standing water. Una three no dey baff for there. Who get this water?"

Mo rí i tí màmá mi wo ìyàwó tuntun tó ń sunkún, tó wá yíjú wò mí lórí àpótí tí mo jókòó lé, tí mo ń jẹ bisikíìtì mi. Mo mọ ojú náà títí dòní. Bó bá dákẹ́, ó ti pàásì nìyẹn, àṣírí rẹ̀ bò, èmi á sì máa gbé àìsàn náà kiri. Bó bá sọ̀rọ̀, irọ́ rẹ̀ á tú níwájú ọkùnrin tó bọ̀wọ̀ fún un, ohun tó ń sá fún náà á sì bá a.

"Na my pikin get am," ni màmá mi wí. "All the three."

Mo rò pé dókítà á bínú. Kò bínú. Ó fọwọ́ gbé àgbọ̀n mi sókè, ó wo ìpéǹpéjú mi, ó pè mí ní ìyá lédè tirẹ̀: "Nne, you do well," ó wá yíjú sí màmá mi. "And your own? Where e dey?"

Màmá mi dìde, ó mú ìgò, ó lọ sẹ́yìn ilé. Èmi àti òun la jọ tẹ̀ lé dókítà sọdá. Ó da omi màmá mi mọ́ oògùn búlúù kan nínú ife gígùn, ó gbé e sórí iná. Àwọ̀ búlúù náà yí sí àwọ̀ ewé, ó yí sí àwọ̀ ọsàn, ó wá dúró lórí pupa bíríkì, àmì pé ṣúgà pọ̀ níbẹ̀. Màmá mi tó mọ àwọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ wò ó, kò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lórí èjìká mi wúwo.

Wọ́n fún mi ní oògùn kan tó mú kí ìtọ̀ mi dúdú bí omi tíì, mo sì bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà. Wọ́n gba ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lẹ́nu màmá mi, wọ́n fún un ní hóró oògùn, wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa jẹun. Ojú rẹ̀ là padà. Ó ránṣọ ìgbéyàwó mi fúnra rẹ̀, òun ló sì ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, kò pe ẹnì kankan. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa di ọ̀sán, ó rán ẹ̀wù búlúù kan fún ara rẹ̀, ó sọdá lọ bá dókítà. Kò mọ abẹ́rẹ́ gún, kò mọ oògùn pín. Ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀ ló ń dúró sí. Yóò máa bá obìnrin tó wà nínú ilé sọ̀rọ̀ láti ìta, ní Yorùbá, ní Ìgbò, ní Píjìn, yóò ní, "No be exam, my sister, nobody dey fail am." Ó ṣe é títí a fi kúrò ní Onitsha.

Ìgbà ti yí padà. Ìbàdàn ni mo wà báyìí, èmi náà sì ti jogún ṣúgà lọ́wọ́ màmá mi. Ilé ìwòsàn tí mo ń lọ tóbi, bébà pélébé kan ni wọ́n ń tì bọ ìtọ̀, èsì á sì jáde kí n tó wọ bàtà mi tán. Ẹ̀rọ pọ̀, ènìyàn ló wọ́n. Dókítà tó bá rí mi lóṣù yìí, lóṣù tó ń bọ̀ ó ti wọkọ̀ òfuurufú. N kò bú wọn. Ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì náà wà nílùú òyìnbó, ìyá ẹlòmíì ló ń mú lọ sí ilé ìtọ̀. Inú mi ń dùn sí i, ó sì ń dùn mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gba ìgò rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ẹni tó fún un kò gbójú sókè. Ó wo ìgò náà pẹ́, ó wo ọmọ kékeré tó mú dání, ó sì rọra na ìgò sí ọmọ náà. Mo gbé ọ̀pá mi, mo dìde.

"Ìyàwó mi," mo wí fún un, "fi ọmọ yẹn sílẹ̀ níbí. Wọlé lọ, èmi á dúró sẹ́nu ọ̀nà fún ẹ."