Òṣé Ìyàwó Mi

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàwó mi, òṣé rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Kì í ṣe òṣé kékeré táwọn ẹlòmíràn ń pa. Tirẹ̀ gùn, ó nípọn, ó sì máa ń dá èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, hóònù mi ò tó o rí.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka ohun tí ilé ìtẹ̀wé kan fẹ́ tẹ̀, kó tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà jù mí lọ, mi ò sì jowú. Nígbà tí àìsàn wá mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tí kò lè gbé wọn kúrò lórí itan mọ́, kò sunkún nítorí aṣọ wíwọ̀ tàbí oúnjẹ jíjẹ. Nítorí iṣẹ́ ló ṣe sunkún. Èmi náà sunkún, nínú balùwẹ̀, níbi tí kò ti ní rí mi.

Ọmọ wa obìnrin, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ló gbé ẹ̀rọ onípáìpù dé. Wọ́n dè é mọ́ ìyá rẹ̀ lórí, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá yí orí, àmì ojú kọ̀ǹpútà á tẹ̀ lé e. Bó bá fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù, lẹ́tà á jáde. Bó bá fa atẹ́gùn, iṣẹ́ á lọ tààrà sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kò pẹ́ tó fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni mo ń mú un lọ, èmi ni mo sì ń bá a họ imú.

Kò sẹ́ni tó rántí pé èèyàn máa ń fa atẹ́gùn tó bá ń pòṣé.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ìkìlọ̀ tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri fún un: Ẹ MÁ TỌ̀ SÍBÍ. Ẹni tó kọ ọ́ ò fi àmì sórí “má”. Ìyàwó mi pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kó lè tún un kọ. Ìgbà yẹn ni mo wọlé, tí mo ní, “Ṣebí mo ti sọ ọ́ pé òjò máa rọ̀ lónìí?” Irọ́ ni, mi ò sọ ohun tó jọ ọ́. Ìyàwó mi náà mọ̀. Ó pòṣé.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dáhùn. Ká tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ti kó ìkìlọ̀ náà jáde, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri àdúgbò, tó fi mọ́ ti ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀: Ẹ TỌ̀ SÍBÍ. Àwọn èèyàn sì gbọ́ràn. Bàbá àgbàlagbà kan tilẹ̀ wọlé wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá pé ó ṣàánú ará àdúgbò.

Ọ̀gá, ọ̀dọ́ tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ àfi tí orí rẹ̀ bá gbóná, dúró níwájú ògiri tútù. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú. Ìwé òfin iléèwé kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Tẹ́ ẹ bá ṣe é tó jáde dáadáa kí oníbàárà tó dé, tí ẹnikẹ́ni ò sì bá bá yín fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ yín wà. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ lọ sinmi nílé.”

Ọmọ wa mú ẹ̀rọ onípáìpù náà le sí i, kó má baà gbọ́ òṣé kékeré mọ́. Ó wá kọjú sí mi. “Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni ìṣòro. Ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ ‘ṣebí mo ti sọ ọ́’ títí di ọjọ́ Ẹtì.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jìyà. Iná lọ, mo dákẹ́. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí mo ní wọ́n á fìdí rẹmi, wọ́n fìdí rẹmi, mo bu omi mu. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí tìfura-tìfura. “Bàbá ọmọ mi, ṣé ara yín yá?”

Lọ́jọ́ Ẹtì, àtàárọ̀ ni ìyàwó mi ti jókòó ti ìwé òfin náà. Wọ́n kọ “ọmọ ilé ẹ̀kọ́” ní “ọmọ ilé ẹ̀wọ̀n” lójú ìwé àkọ́kọ́. Mo rí i tí imú rẹ̀ fẹ̀, ó pa ojú dé, ó gbé òṣé náà mì. A ti ń gbọ́ ohùn oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó parí. Ó ku kó fa atẹ́gùn.

Ó fà á. Ẹ̀rọ ò mira. Ó tún fà á. Èémí ti tán nínú rẹ̀, ọmọ wa sì ti mú ẹ̀rọ le jù. Ọ̀gá wá mi orí. “Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Ẹ ti gbìyànjú.”

Omi lé ròrò sí ìyàwó mi lójú. Mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹnu nìkan ló kù mí kù. Mo fọwọ́ sí ìbàdí, mo ní, “Ṣebí mo ti sọ fún ọ látìbẹ̀rẹ̀ pé kò ní ṣeé ṣe?”

Ó yíjú sí mi. Gbogbo òṣé tó ti ń gbé mì látọjọ́ yìí jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ta gìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ìwé jáde.

Ọ̀gá mú ojú ìwé àkọ́kọ́, ó kà á, ó tún un kà. Kò rí àṣìṣe kankan. “Màmá,” ó ní, “ó di ọjọ́ Ajé o.”

Ìyàwó mi ò tíì gbójú kúrò lára mi. Ó ti yé e. “Ẹ̀yin ọkùnrin yìí,” ó ní, “ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni.”

Inú mi dùn débi pé mi ò lè kó ẹnu mi níjàánu mọ́. “Ṣebí mo ti sọ ọ́ pé o máa ṣe é?”

Ó pòṣé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì tún bẹ̀rẹ̀ látojú ìwé kìíní.