Aago Tí Bọ̀dá Jòsáyà Fi Sílẹ̀

Ìró aago ọwọ́ kan ló gbé mi padà sí agbo ilé wa n'Ísàlẹ̀ Èkó. Ọjọ́ kejì tí a sin àbúrò mi, Múfútáù, mo bá aago rẹ̀ lórí tábìlì, ó ti dákẹ́. Mo yí i díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ogún bàbá àwọn ni. Mo ní rárá o. Kí Múfútáù tó kú, ó di ọwọ́ mi mú: "Ẹ̀gbọ́n mi, àmánà ni aago yẹn. Ẹ bá mi dá a padà fún ẹni tó ni ín."

Bọ̀dá Jòsáyà ló ni ín, ará Ìjẹ̀bú, onígbàgbọ́ tó yá yàrá nínú ilé wa ṣáájú òmìnira, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Òun nìkan ló ní aago nínú agbo ilé, nítorí náà, bí ààwẹ̀ bá dé, ọwọ́ onígbàgbọ́ yìí ni gbogbo àwa ìmàle ń wò ká tó ṣínu. Ìyá Sàkí á ti gbé igbá ẹ̀kọ lé itan:

"Jòsáyà, kò tíì tó ni?"

"Ẹ ní sùúrù, Ìyá, ó ku díẹ̀."

"Ìwọ tó jẹ iyán yó lọ́sàn-án, wàá ní ká ní sùúrù!"

Bí ọkọ̀ bá máa gbé e lọ nínú ààwẹ̀, á bọ́ aago náà fún bàbá mi kí ìṣínu wa má baà dàrú. Lọ́dún kan, ó bọ́ ọ bẹ́ẹ̀: "Bàbá, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, mo ń padà bọ̀ wá gbà á." Kò padà mọ́; nígbà tí bàbá mi kú, Múfútáù ló ń bá a tọ́jú aago náà. Àwọn ará àdúgbò ní ó ti fẹ́ òyìnbó lókè òkun. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ìyàwó rẹ̀, Sísì Rèbékà, mú Kọ́mfọ́ọ̀tì ọmọ wọn kó jáde láìdágbére fún ẹnikẹ́ni.

Mo mú ọ̀pá mi, mo jáde lọ wá Kọ́mfọ́ọ̀tì. Ilé tí mo mọ̀ ti di ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé orúkọ ẹnì kankan, orúkọ ni mo sì ń bi wọ́n láti ojúlé dé ojúlé. Ọmọ Ìyá Sàkí ló wá darí mi sí Èbúté Èrò, sọ́dọ̀ obìnrin àgbà kan tó ń ta ẹ̀wà.

"Kọ́mfọ́ọ̀tì, ọmọ Rèbékà!"

"Ta ló ń pe ìyá mi báyìí?"

Mo gbé aago lé e lọ́wọ́, mo sì ro ọ̀rọ̀ náà fún un. Kò tilẹ̀ wo aago náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé bàbá mi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń padà bọ̀?"

"Etí mi báyìí ló gbọ́ ọ."

Ó jókòó sórí àpò ẹ̀wà. "Ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn ni ìyá mi gbé sínú kú. Ta ló máa sá lọ, tó máa fi aago sílẹ̀ fún aláàwẹ̀?"

Lónìí, aago wà nínú fóònù gbogbo ọmọdé, kò sẹ́ni tó tún ń wo ọwọ́ aládùúgbò kó tó ṣínu. Ilé wó, èèyàn lọ, àmánà ò gbó. Èmi àti Kọ́mfọ́ọ̀tì jókòó títí ọjà fi fẹ́ túká, à ń dárúkọ àwọn tó ti lọ níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Jòsáyà, ó ní kí n dákẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló pe orúkọ bàbá rẹ̀, ó pè é sókè, kí gbogbo ọjà lè gbọ́.