Mímí Ìyá Mi Tí Mo Gé Kúrò

Kí dókítà kankan tó gbọ́ àìsàn ìyá mi ni èmi ti gbọ́ ọ. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi ní Okokomaiko, mo fi hẹ́dífóònù bo etí méjèèjì, mo sì gbọ́ ọ kedere. Ohun tí mo fi ṣe ló ń jẹ mí lọ́kàn títí di òní.

Iṣẹ́ másítà ni mo ń ṣe. Bí olórin bá gba ohùn sílẹ̀ tán, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá kí n lè jẹ́ kó ròkè. Ohun èlò méjì ni mo fi ń ṣe é nínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ máa ń tẹ ibi tí ohùn ti ga mọ́lẹ̀, kí ibi gíga àti ibi jẹ́jẹ́ lè sún mọ́ra. Límítà ló dúró bí àjà lókè, ohun tó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀, á dá a padà. Bó o bá ti fi méjèèjì há orin mọ́, o lè wá gbé gbogbo rẹ̀ sókè títí tí á fi di aládùúgbò létí. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Kí n má parọ́, mo máa ń fi yangàn.

Ìyá mi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ aláṣọ funfun kan ní Igbó-Elérin. Kò ní ohùn ńlá, kò sì wá a. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ gba orin mẹ́rin sílẹ̀ kí àwọn ọmọ ọmọ òun lè máa gbọ́. Òkè ni sítúdíò mi wà, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì jókòó sórí àtẹ̀gùn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

"Mọ́mì, ẹ ti ń darúgbó o," mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àtẹ̀gùn rẹ ló ga jù, ọkọ mi. Ṣé kò sí ilé ilẹ̀ ní Okoko ni?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ tán, mo kọ́kọ́ ṣe ọ̀kan nínú wọn jẹ́jẹ́, bó ṣe kọ ọ́, mo sì fẹ́ kí ayé gbọ́ ọ, mo bá gbé e lọ fún ọkùnrin kan ní Ìyànà Ìbà tó máa ń gbé orin sórí mẹ́mọ́rì fóònù fún èèyàn. Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé wọ́n á fi orin tuntun sáàárín méjì tó ń tà, wọ́n á wá tan sípíkà sójú títì. Bí ohùn bá lọ sílẹ̀ nígbà tó kan tìẹ, wọ́n ti fò ó nìyẹn. Ọkùnrin náà fo orin ìyá mi lójú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, orin Màmá dùn o, ṣùgbọ́n kò ní páwà. Ariwo àwọn kọ̀ǹdọ́ ọkọ̀ ti gbé e mì. Ẹ lọ pọ́ọ̀ǹpù ẹ̀ sí i."

Ojú tì mí. Èmi tí mò ń gbé ohùn gbogbo ayé sókè, ìyá tèmi ni wọ́n wá ń fò! Mo padà sí sítúdíò tìbínú-tìbínú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún orin náà pọ̀.

Bí èèyàn bá gbé orin sókè báyẹn, ohun tó wà nísàlẹ̀ náà á bá a gòkè. Fáànù gòkè. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì gòkè. Mímí ìyá mi náà gòkè. Láàárín ẹsẹ kan sí èkejì tó bá fa èémí sínú, ohùn kékeré kan wà nídìí rẹ̀, bí omi tó ń hó díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìdérí ìkòkò. Tẹ́lẹ̀, kò hàn sétí. Ní báyìí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orin. Mo pòṣé. Ariwo ni mo pè é. Odidi ọ̀sán kan ni mo fi gé e kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, inú mi sì dùn pé orin náà mọ́ tónítóní.

Wọn ò fò ó mọ́ ní Ìyànà Ìbà. Mo fi fún ìyá mi náà pé kó gbọ́. Ó tẹ́tí sí i dópin, ó mi orí.

"Ó dáa. Àmọ́ ibo ni mo ti ń mí?"

"Mọ́mì, wọn kì í fi ìyẹn sínú orin."

Ó ní kò burú.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. A gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà fi ẹ̀rọ gbọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì bi wá bó ṣe pẹ́ tó tó ti ń mí báyìí. Gbogbo àwa ọmọ ní a ò kíyè sí i. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, ì bá dáa ká ti tètè gbé e wá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò sí i. Mi ò mọ̀ bóyá ì bá yè. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti àbúrò mi obìnrin ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní yàrá rẹ̀ ní Ìbà. Àbúrò mi tan orin náà lórí fóònù, ó sì pa á lójijì.

"Bọ̀dá mi, eléyìí ò jọ Mọ́mì. Ṣé ẹ ò ní òmíràn?"

Mo ní i. Èyí tí a kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, tí mi ò tíì ṣe nǹkan kan sí, ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo tan án, mo gbé fóònù sún mọ́ ọn létí. Ó ń ká aṣọ funfun ìyá wa lọ́wọ́, ló bá dúró níbi tí Mọ́mì ti fa èémí sínú.

"Ìgbà wo lẹ gba eléyìí?"

Mo sọ fún un.

"Ẹ sì gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Mo gé e kúrò ni."

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún títí. Mi ò lè fọwọ́ kàn án. Nígbà tó nu ojú tán, ó na fóònù rẹ̀ sí mi.

"Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún un ṣe."