Kúlúsúmù Kò-Ṣeé-Sọ

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ní Gáréèjì Ìkòròdú ni pé ọmọbìnrin kan wà ní Èbúté tó gbé ìwé mì. Kì í ṣe pé ó kà á o. Ó gbé e mì ni, tòun ti páálí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi píọ̀ wọ́tà lé e lọ. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè sọ níwájú rẹ̀ tí kò ní mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Nígbà tí ìròyìn náà fi máa dé Ìmọ̀tà, ìwé kan ti di mẹ́ta. Kó tó wọ Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan nínú ìwé náà ti di èyí tí àǹjọ̀nnú fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ tán.

Kúlúsúmù lorúkọ ọmọbìnrin náà, ọmọ apẹja ni ní Ẹ̀pẹ́. Ó ti jáde ní yunifásítì, ó ti sìnrú ìlú ní òkè Ọya níbi tí oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sè é jinná, ó sì ti wá ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, Alhaja Kúbúrátù, tó ń ta ẹja yíyan ní Èbúté Ìkòròdú. Ìdí tó fi fẹ́ ibẹ̀ ni pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí Erékùṣù Èkó, Erékùṣù ni àwọn báńkì sì wà. Àsìkò yẹn ni àwọn báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ara wọn mì di ńláńlá, tí wọ́n ń pe àwọn ọ̀dọ́ wá ṣèdánwò bí ìgbà tí ènìyàn ń pe adìẹ sí àgbàdo. Adìẹ ń pọ̀, àgbàdo ò tó nǹkan.

Aptitude ni wọ́n ń pe ìdánwò náà. Alhaja ń pè é ní àpátítúùdù. Èyí tó jẹ́ ti ìṣirò nínú rẹ̀ kò ni Kúlúsúmù lára. Ti ọ̀rọ̀ ló ń gbé e ṣubú. Wọ́n á kọ ìpínrọ̀ kan, wọ́n á wá kọ gbólóhùn kan sí abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o sọ bóyá gbólóhùn náà jẹ́ òótọ́, tàbí irọ́, tàbí pé ìpínrọ̀ yẹn kò sọ tó fún ẹnikẹ́ni láti mọ èwo ni. Ohun tó wà nínú ìpínrọ̀ nìkan ni kí o fi dáhùn. Ohun tó o mọ̀ láti ilé, fi sílé.

Kúlúsúmù ò lè fi í sílé. Tí ìwé bá ní gbogbo apẹja ló ń jí ní kùtùkùtù, yóò ní irọ́ ni, nítorí bàbá tó bí i lọ́mọ, apẹja paraku, kì í jí kí oòrùn tó ta á nímú. Tí ìwé bá ní ẹja yíyan kì í bàjẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìwé jà. Ibi tí ìbéèrè bá ti le jù, etí ìwé ni yóò kì bọ ẹnu, tí yóò máa họ ọ́ jẹ bí eku. Kí ọdún tó yípo, igun ìwé ìbéèrè náà ti di róbótó. Ẹ rí i pé wọn ò kúkú purọ́ mọ́ ọn tán: ó jẹ ìwé lóòótọ́, kò kàn jẹ ẹ́ tán ni. Ó sì ń kùnà ìdánwò léraléra, débi pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìdánwò kan ti ń béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé rẹ̀.

Tèmítáyọ̀ ló fún un ní ọgbọ́n. Ọmọkùnrin yìí àti Kúlúsúmù jọ ka ìwé ni, òun ló wá ń kọ́ àwọn tó ń wá iṣẹ́ ní lẹ́sìnnì lẹ́bàá Gáréèjì.

"Kúlú, ohun tó o mọ̀ ló ń pa ẹ́," ó ní. "Ẹnu ẹ ni kó o kọ́. Yí ìbéèrè sí Yorùbá, kí wọ́n máa bi ẹ́ nílé, kó o máa dáhùn wàràwàrà. Mẹ́ta péré ni ìdáhùn: òótọ́ ni, irọ́ ni, kò ṣeé sọ."

Bí Alhaja ṣe di olùkọ́ nìyẹn. Nídìí ẹja ni wọ́n ti ń ṣe é, lójú gbogbo ayé, Alhaja á máa yí ẹja, á máa bi ìbéèrè.

"Gbogbo obìnrin tó ń ra ẹja lọ́wọ́ mi ló ń ná an láìnítìjú. Ìyá Jọláolúwa ń ra ẹja lọ́wọ́ mi. Ìyá Jọláolúwa ń ná an láìnítìjú."

"Òótọ́ ni!"

Ìyá Jọláolúwa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹja lọ́wọ́, fi í sílẹ̀ bí ẹni tó gbá iná mú. "Háà! Ta ló sọ fún un?"

Obìnrin mìíràn súnmọ́ ọn. Ọkọ tirẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé lòun ń lò nílé Israel ọ̀rẹ́ rẹ̀, Israel sì ní òun ò fojú kàn án láti ìgbà Iléyá.

"Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò lè jẹ́ òótọ́ pọ̀," ni Kúlúsúmù wí.

Obìnrin náà ò dúró gba ṣéńjì. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ká ọkọ rẹ̀ mọ́ ibi tí kì í ṣe ilé Israel, ariwo náà sì la ọ̀sà kọjá. Láti ìgbà náà, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í tò níwájú ẹja Alhaja ju bí wọ́n ṣe ń tò níwájú ọkọ̀ ojú omi lọ. Wọ́n ń gbé àga fún Kúlúsúmù. Àwọn tó jù ú lọ ń bi í pé ṣé ó ti jẹun. Òun tó jẹ́ pé títí di àná, "ọmọ tí ò rí iṣẹ́ ṣe yẹn" ni wọ́n ń pè é! Ó yẹ kó sọ fún wọn pé ìdánwò báńkì lòun ń múra fún. Kò sọ ọ́. Ó dùn mọ́ ọn jù.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn tí Ìyá Bísíríyù fi ti Ẹ̀pẹ́ dé. Fàlílátù lorúkọ ìyá yìí, Bísíríyù sì ni ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń wa iyanrìn nínú ọ̀sà. Mùsílímátù ni ìyàwó Bísíríyù, ọ̀rẹ́ Kúlúsúmù láti kékeré, àwọn méjì tó máa ń di irun fún ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé kéú.

"Kúlúsúmù ọmọ mi, gbọ́," ìyá náà sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. "Láti ìgbà tí a ti túnu ààwẹ̀ ni Bísíríyù ti wà nídìí iyanrìn. Mi ò fojú kàn án rárá. Ìyàwó rẹ̀ wá lóyún. Ṣé ọmọ mi ló ni oyún yẹn?"

Ká ní ó fara balẹ̀, ì bá rántí pé Mùsílímátù tòun ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti yá ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó wo ọ̀rọ̀ náà bí ìpínrọ̀ inú ìwé. Ìyá ò rí ọmọ rẹ̀. Ìyẹn ò ní kí ọmọ má wálé. Ẹ̀rí ò tó. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé kíá lòun rí ihò inú ọ̀rọ̀ náà. Ó gbójú sókè, ó là á ketekete bí ọmọ kéú:

"Kò ṣeé sọ."

Ẹ̀yin náà gbọ́ Yorùbá. Nínú ìwé ìdánwò, ohun tó jẹ́ ni pé a ò tíì mọ̀. Lẹ́nu wa níbí, tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ìyàwó oníyàwó, tó o ní kò ṣeé sọ, o ti sọ ọ́ tán. O tiẹ̀ sọ ọ́ ju ẹni tó dárúkọ lọ.

"Yéè!" Ìyá Bísíríyù ká ọwọ́ lórí. "Ó burú tó bẹ́ẹ̀!"

Kúlúsúmù rí ohun tó ṣe. Ó lanu. Gbogbo obìnrin yẹn ń wò ó, ojú wọn kún fún ìbẹ̀rù àti ọ̀wọ̀, ẹnì kan sì ti ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Láti ṣàlàyé, yóò ní láti sọ pé òun kì í ṣe nǹkan kan ju ọmọ tó ń kùnà ìdánwò lọ. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ìyá Bísíríyù wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù dún.

"Kúlú." Ohùn Mùsílímátù ni.

"Mùsílí! Ṣé kò sí?"

"Wọ́n ti kó ẹrù mi síta. Ìyá Bísíríyù ní ìwọ lo rí i. Ta lo rí, Kúlú? Dárúkọ rẹ̀ fún mi, kí èmi náà lè mọ ẹni tó fún mi lóyún."

Kúlúsúmù gbé fóònù sí etí kejì.

"Wọ́n ń pe ẹbí jọ lọ́la. Tí wọ́n bá lé mi, ọ̀dọ̀ ta ni mo fẹ́ gbé oyún yìí lọ? Ọ̀dọ̀ ẹ ní Èbúté?" Káàdì tán, fóònù kú.

Ẹ̀yin tí ojú ti tì rí, ẹ ṣì ń ṣeré. Ojú ti Kúlúsúmù lọ́jọ́ náà débi pé kò lè wo ojú ẹja inú àwo, tó jẹ́ ẹja ti kú. Ó yíjú sí Alhaja, bóyá yóò rí ẹni bá a pín in.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ ń bi mí ní ìbéèrè o."

"Èmi kẹ̀?" Alhaja yí ẹja kan lẹ́yìn yí i níwájú. "Ẹja ni mò ń tà. Ìwọ lo ń ṣe àpátítúùdù."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, bí wọ́n ṣe kọjá Ìmọ̀tà, obìnrin méjì tó jókòó níwájú Kúlúsúmù ń sọ nípa rẹ̀.

"Wọ́n ní kì í sùn."

"Sùn bí i ti báwo? Ẹni tí àǹjọ̀nnú kọ ìwé fún! Ṣé o gbọ́ ti ìyàwó oníyanrìn yẹn? Wọ́n ní ohun tí ọmọ yẹn rí, ó kọ̀ láti sọ ọ́, àánú ló ṣe é."

"Áà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ohun tí ò ṣeé sọ."

"Àmín," ni Kúlúsúmù ṣe lábẹ́ ìborùn, láìmọ̀gbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ní agbo ilé Bísíríyù, wọ́n ti pé. Alhaji Fàsásì, ẹ̀gbọ́n bàbá Bísíríyù, ló jókòó sórí àga. Mùsílímátù wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀, kò wo Kúlúsúmù. Àwọn aládùúgbò ti fi àyà lé ògiri ìta, orí wọn tò bí ìkòkò. Ìyá Bísíríyù fò dìde.

"Ẹlẹ́rìí mi ti dé! Ẹ fún un lága!"

Kúlúsúmù ò jókòó. Ó kúnlẹ̀.

Bísíríyù, tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè wá láti ìdí iyanrìn, tí ojú sì ń tì lójú àwọn àgbà, wú ikọ́. "Bàbá, mo wálé. Lọ́jọ́ ọjà Olúwo ni. Màámi ti lọ sọ́jà, mi ò dúró dè wọ́n."

"Irọ́ ni!" ni ìyá rẹ̀ wí. "Ó ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. O wálé, o ò kí ìyá rẹ? Ẹni tó rí i nìyí, ẹ bi í!"

Alhaji Fàsásì kọjú sí Kúlúsúmù. "Ọmọ mi, gbogbo wa ti gbọ́ nípa rẹ. Má bẹ̀rù. Kí ni kò ṣeé sọ?"

Kúlúsúmù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu òun ni àpótí yẹn ń dúró dè, bóyá yóò wọlé padà tàbí yóò gba títì lọ.

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá," ó ní. "Ìdánwò báńkì ni mò ń kọ́ ẹnu mi fún. Bí ìwé bá bi wá ní ohun tí kò sọ fún wa, bí wọ́n ṣe ní ká dáhùn nìyẹn. Mi ò rí ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún Màmá ni pé mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ìwọ tó o lọ yunifásítì?"

"Mo lọ, Bàbá. Mi ò mọ̀. Màmá ké, mo rí i pé wọ́n gbọ́ mi sí òdì, mo dákẹ́, nítorí wọ́n ń fi mí ṣe ènìyàn ńlá." Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Mùsílí, mo dákẹ́."

Mùsílímátù gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Kí ló wí?" ni ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn ògiri.

"Ó ní òun ò mọ̀!"

"Kò mọ kí ni?"

Kúlúsúmù dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó ṣí ìborùn kúrò lójú, ó kọjú sí ògiri àti gbogbo orí tó tò síbẹ̀, ó gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́.

"Èmi ni Kúlúsúmù. Mo ní mi ò mọ nǹkan kan nípa Mùsílímátù. Ẹni tó wà nílé lọ́jọ́ ọjà Olúwo ti sọ̀rọ̀, òun ni kẹ́ ẹ gbọ́. Èmi ò mọ̀!"